Sòmálì Ni Ọ́ tàbí Oromo? Ìtàn Ìdílé àti Ààlà ní Ìwo Áfíríkà

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwọn Sòmálì tó ń gbé ní Ìwo Áfíríkà, ìyẹn apá ìlà oòrùn Áfíríkà tó yọ sínú òkun bí ìwo, kò gbàgbé orísun wọn rí. Ọmọdé tó dàgbà sínú àṣà wọn lè ka orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀, títí dé orí baba ńlá kan tó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 fọ́ ní ọdún 1991. Ó tó ọdún 2012 kí wọ́n tó tún ní ìjọba àpapọ̀ tí kì í ṣe ti fìdíhẹẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa gbà pé èdè púpọ̀ àti ẹ̀sìn púpọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ orílẹ̀-èdè kan. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Sòmálíà ló yẹ kó ní àlàáfíà jù ní gbogbo Áfíríkà. Èdè Sòmálì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ, mùsùlùmí sì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Nígbà tí ìdáhùn yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ènìyàn á ní ìdílé ló bà á jẹ́. Bí wọ́n bá sì rí i pé àwọn Sòmálì ń bá àwọn Oromo tó múlé gbè wọ́n jà, wọ́n á ní ìjà ẹ̀yà ni, pé ó ti wà láti ayébáyé.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìdáhùn méjèèjì kò tó. Ìdílé wà kí ìjọba tó dé, òun ló sì ń pa òfin mọ́. Sòmálì àti Oromo ti jà rí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lápá ibí lè bọ́ sí apá ọ̀hún kí ọ̀run má sì wó. Ohun tó sọ orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹ̀yà di ohun tí a ń kú lé lórí ni pé àwọn tó ń ṣàkóso so ilẹ̀, omi, owó àti ìbọn mọ́ orúkọ náà.

Ohun tí ìdílé jẹ́

Ìran ńlá márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ka àwọn Sòmálì sí: Darod, Hawiye, Isaaq, Dir àti Rahanweyn. Ìran kọ̀ọ̀kan pín sí ìdílé, ìdílé pín sí agbolé, agbolé sì tún pín sí ojúlé. Kíka orúkọ àwọn baba ńlá yìí ni wọ́n ń pè ní abtirsi. Ó jọ oríkì orílẹ̀ tiwa níwọ̀nba. Bí àjèjì méjì bá pàdé nínú aṣálẹ̀, tí oníkálukú sì ka orúkọ àwọn baba rẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dé orí orúkọ kan tí wọ́n jọ ní. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ẹbí tó sún mọ́ra ni wọ́n, bóyá ìbátan tó jìnnà ni, tàbí bóyá ẹ̀jẹ̀ wà láàárín ilé méjèèjì tí a kò tíì san.

Ilẹ̀ wọn ló fà á tí wọ́n fi nílò irú ìmọ̀ yìí. Apá tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló gbẹ. Òjò lè rọ̀ níhìn-ín lọ́dún yìí kó má kan ọ̀hún rárá. Darandaran tó ní ràkúnmí, ewúrẹ́ àti àgùntàn kò lè jókòó sójú kan. Ibi tí koríko bá hù sí ni yóò forí lé. Kò sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà náà, kò sí kóòtù, kò sì sí báǹkì. Ìdílé ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Owó ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mag, ni àpẹẹrẹ tó fi èyí yé mi jù. Bí ọkùnrin kan bá pa ọkùnrin mìíràn, ìtanràn tí a mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ràkúnmí 100. Ó ṣòro kí ẹnì kan tó lè dá irú gbèsè bẹ́ẹ̀ san. Nítorí náà, àwọn ọkùnrin tó jọ wà nínú ẹgbẹ́ asanwó-ẹ̀jẹ̀ kan náà, tí wọ́n lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí kí wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ, ni yóò dá a jọ. Àwọn ẹbí olóògbé náà yóò sì pín in láàárín ara wọn. Òfin àjọgbà tí wọ́n ń pè ní xeer ló sọ bí wọn yóò ṣe dá a àti bí wọn yóò ṣe pín in. Àwọn àgbà ló ń jókòó lábẹ́ igi láti ṣe òfin náà, ẹnu ni wọ́n sì fi ń gbé e láti ìran dé ìran.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń gbóná, tó fẹ́ fa ọ̀bẹ yọ, kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò dì í mú. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dì í mú, nítorí gbogbo wọn ni gbèsè náà yóò já lé lórí. Ètò tí àwọn àjèjì ń pè ní orísun ogun ni ó ń pa iná ogun ní ilẹ̀ tí kò ti sí ọba.

Mi ò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Ìdajì ni wọ́n ń san lórí obìnrin. Ìdílé kékeré tí kò ní ọkùnrin púpọ̀ lè má rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, nítorí bí ẹni tó jẹ gbèsè bá kọ̀ láti san án, ọ̀kọ̀ ló kù. Àwọn kan sì wà tí wọn kò kà mọ́ ìran ńlá kankan, irú bí àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣẹ́ awọ, àti àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé etí odò Juba àti Shebelle, tí a kó àwọn baba wọn wá bí ẹrú. Ìyà wọn pọ̀ lábẹ́ ètò yìí.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká mọ̀ nípa ìdílé: ó ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ogun tàbí ọ̀dá lé kúrò nílé lè lọ bá ìdílé tó lágbára jù ú lọ, kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á mọ́ra, kó máa bá wọn san owó ẹ̀jẹ̀, kó sì máa jẹ́ orúkọ baba ńlá wọn. Sheegad ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn Rahanweyn tó jẹ́ àgbẹ̀, irú ìgbàmọ́ra yìí pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé wọn jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn tó ti ibi oríṣiríṣi wá. A lè fi ẹ̀jẹ̀ wọ ìdílé, a sì lè fi àdéhùn wọ̀ ọ́.

Àwọn Oromo tó múlé gbè wọ́n

Àwọn Oromo ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Etiópíà, àwọn kan sì wà ní àríwá Kẹ́ńyà. Èdè wọn kì í ṣe èdè Sòmálì, ṣùgbọ́n ìbátan ni èdè méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan. Sòmálì ní laba fún méjì, Oromo ní lama. Sòmálì ní saddex fún mẹ́ta, Oromo ní sadii. Mẹ́rin jẹ́ afar lọ́dọ̀ Sòmálì àti afur lọ́dọ̀ Oromo. Bí wọ́n bá dé orí márùn-ún, shan ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ilé kan náà ni èdè méjèèjì ti jáde nígbà kan rí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú. Àwọn Oromo ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní gadaa, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2016. Nínú ètò yìí, àwọn ọkùnrin ń gun àtẹ̀gùn láti ipò kan dé èkejì, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ. Olórí wọn, Abbaa Gadaa, ń ṣe ọdún mẹ́jọ péré, yóò sì gbé e fún ẹgbẹ́ tó kàn. Àwọn Borana àti Guji ní gúúsù Etiópíà ṣì ń tẹ̀ lé e gan-an.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ogun ńlá kan jà ní Etiópíà. Imam Ahmad ibn Ibrahim, tí àwọn Sòmálì ń pè ní Gurey, kó ọmọ ogun Adal jọ, àwọn Sòmálì sì wà lára wọn. Ó ṣẹ́gun ọba onígbàgbọ́ ilẹ̀ náà ní Shimbra Kure ní ọdún 1529. Wọ́n pa á sójú ogun ní ọdún 1543 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Pọtogí wá ran ọba lọ́wọ́. Nígbà tí ogun náà yóò fi parí, ó ti rẹ apá méjèèjì. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn Oromo ń ti gúúsù bọ̀, tí wọ́n sì tàn ká gbogbo ibi tí agbára ti tán. Wọ́n dé ẹ̀yìn odi ìlú Harar. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn di àgbẹ̀ àti mùsùlùmí ní agbègbè náà, wọ́n sì ń bá àwọn Sòmálì àti àwọn ará Harar ná ọjà kan náà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sòmálì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Àwọn Darod sọdá odò Juba, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ Oromo ibẹ̀ lọ sí apá odò Tana ní Kẹ́ńyà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlàáfíà nìkan ló wà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n jí ẹran ara wọn kó, wọ́n sì pa ara wọn.

Àwọn tó wà láàárín

Bí a bá wo ààlà Sòmálì àti Oromo dáadáa, a ó rí i pé ènìyàn ló ń gbé orí ààlà náà. Àwọn Garre wà níbẹ̀: èdè Sòmálì ni àwọn kan nínú wọn ń sọ, èdè Oromo sì ni àwọn mìíràn ń sọ. Àwọn Ajuran ń ka ara wọn mọ́ Sòmálì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àríwá Kẹ́ńyà ló ń sọ Oromo nínú ilé. Àwọn Gabra ń sọ Oromo, síbẹ̀ ràkúnmí ni wọ́n ń sìn bí àwọn Sòmálì, nígbà tí àwọn Borana ń sin màlúù. Ní apá Harar àti Jijiga, àwọn Jarso ń gbé; àwọn kan nínú wọn ń pe ara wọn ní Oromo, àwọn mìíràn ń pe ara wọn ní Sòmálì.

Günther Schlee, onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ènìyàn láti Jámánì, kọ ìwé kan ní ọdún 1989 lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó fi hàn pé ìdílé kan náà lè wà nínú ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta ní àríwá Kẹ́ńyà. Ọkùnrin Gabra lè dé àárín àwọn Garre kó rí ẹbí níbẹ̀. Ìdílé tó ń pín àwọn ènìyàn níyà níbòmíràn ló ń so ẹ̀yà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà níbẹ̀.

Omi tún fi èyí hàn. Àwọn Borana ní kànga jíjìn kan tí òkìkí wọn kàn, tí wọ́n ń pè ní tulaa. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n. Àwọn kan nínú kànga náà jìn débi pé àwọn ọkùnrin ní láti tò lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n máa ju garawa omi sókè láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orin ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà kí ọwọ́ wọn lè bára mu. Kànga kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tó ni ín, alábòójútó kan sì wà tó ń to bí ẹran yóò ṣe mumi tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran onílé nìkan ló ń mu ún. Àlejò tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yẹ wọlé, tó tọrọ, tó sì gbà láti tẹ̀ lé òfin kànga, lè rí àyè tirẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àlejò bá pẹ́ tó, ó lè di ọmọ onílé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé kí àwọn tó ń fa ìlà tó dé.

Àwọn tó fa ìlà

Láàárín ọdún 1884 sí òpin ọ̀rúndún náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Ítálì àti àwọn Faransé pín etí òkun Sòmálì láàárín ara wọn. Menelik tó jẹ ọba Etiópíà náà kò dúró wòran. Ó gba Harar ní ọdún 1887, ó sì nà dé ilẹ̀ Ogaden. Àwọn Oromo bọ́ sábẹ́ rẹ̀, àwọn Sòmálì kan náà sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ Sòmálì ṣe di márùn-ún nìyẹn: ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Ítálì, ti Faransé, ti Etiópíà, àti apá àríwá Kẹ́ńyà. Ìràwọ̀ onígun márùn-ún tó wà lórí àsíá Sòmálíà ń tọ́ka sí ilẹ̀ márùn-ún wọ̀nyí.

Ní àríwá Kẹ́ńyà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún fa ìlà mìíràn láàárín àwọn Sòmálì àti àwọn Oromo, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún darandaran Sòmálì láti kó ẹran kọjá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dènà ìjà. Ṣùgbọ́n ìlà náà fi ipá mú olúkúlùkù láti yan apá kan. Àwọn Ajuran àti Garre tó ti ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún ní láti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí: ta ni yín?

Nígbà tí ìjọba gba ìdílé lọ́wọ́ àwọn àgbà

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1960, apá ti Gẹ̀ẹ́sì àti apá ti Ítálì para pọ̀ di Sòmálíà. Kò pẹ́ tí ìdílé fi wọ inú òṣèlú. Nígbà ìdìbò ọdún 1969, ẹgbẹ́ òṣèlú tó lé ní 60 ló ń du ìjókòó 123. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju orúkọ ìdílé lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Abdirashid Ali Shermarke, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Ọ̀gágun Siad Barre sì fipá gbàjọba.

Siad Barre ní òun yóò pa ìdílé run. Ó ka pípe orúkọ ìdílé léèwọ̀. Ó ṣe ohun rere kan tí a kò gbọdọ̀ fi dù ú: ní ọdún 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ABD kọ èdè Sòmálì sílẹ̀, ní ọdún 1974 wọ́n sì rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ sí àárín àwọn darandaran láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bíi tèmi ń gbé nínú àgọ́, ó ń kọ́ àgbàlagbà ní lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba náà ṣe ń ka ìdílé léèwọ̀ lójú ọjà ló ń fi ìdílé pín ipò ní kọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ń pe ìjọba náà ní MOD ní bòókẹ́lẹ́, ìyẹn Marehan, Ogaden àti Dulbahante: ìdílé bàbá Siad Barre, ti ìyá rẹ̀ àti ti ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1977, Siad Barre gbógun wọ Etiópíà láti gba Ogaden. Ẹgbẹ́ ajìjàgbara kan tó ń tì lẹ́yìn jà fún àwọn Sòmálì ibẹ̀. Èkejì jà ní Bale àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ Oromo ń gbé. Olórí ẹgbẹ́ kejì yìí ni Waqo Gutu, akọni Oromo tó ti darí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Bale sí ìjọba Haile Selassie láti ọdún 1963 sí 1970. Ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà: Somali Abo. Mogadishu kò pe àwọn Oromo wọ̀nyí ní Oromo, Sòmálì ni ó pè wọ́n, kí ilẹ̀ wọn lè wọ inú ilẹ̀ tó ń wá. Nígbà àtijọ́, àlejò ló ń fúnra rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ìdílé láti tọrọ orúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ló gbé orúkọ ka ènìyàn lórí.

Ìjọba Sófíẹ̀tì yí sí ẹ̀yìn Etiópíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Kúbà sì dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, wọ́n ti lé Sòmálíà padà. Ogunléndé kún àgọ́, Sòmálì àti Oromo pa pọ̀. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gba ìjọba. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìdílé tí Siad Barre bá fura sí ló ń fìyà jẹ lódindi. Ní ọdún 1988, ó ju bọ́ǹbù sí Hargeisa, ìlú àwọn Isaaq tó wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1991, ó sá kúrò ní Mogadishu.

Àwọn tó ní ìdílé ló fọ́ Sòmálíà yóò dúró síbí. Mo ní ìbéèrè méjì fún wọn. Èkíní: àwọn méjì tó fọ́ Mogadishu lẹ́yìn Siad Barre, Ọ̀gágun Aidid àti Ali Mahdi, Hawiye ni àwọn méjèèjì. Ìran kan náà ni, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ kan náà ni wọ́n sì wà. Àga ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí ìyàn mú ní ọdún 1992, àwọn tó kú jù ni àwọn àgbẹ̀ Rahanweyn ní agbègbè Baidoa, nítorí àwọn oníbọn ló kó ọkà wọn lọ.

Èkejì: bí ìdílé bá jẹ́ ogun, kí ló dé tí òun náà fi mú àlàáfíà wá ní àríwá? Ní ọdún 1993, àwọn àgbà láti inú Isaaq, Dir àti Darod jókòó ní ìlú Borama fún oṣù mélòó kan. Òfin àjọgbà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Wọ́n parí ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀, wọ́n yan Egal ṣe olórí Somaliland, wọ́n sì fi ilé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, Guurti, sínú ìjọba. Kò pé pérépéré, nítorí ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní Las Anod ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún tí Mogadishu fi ń jóná, àwọn ọmọ Hargeisa ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè ọdún 2004

Ọdún tí Siad Barre sá ni ìjọba ológun Etiópíà náà ṣubú. Àwọn tó gbàjọba pín orílẹ̀-èdè wọn sí ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà, ìwé òfin ọdún 1995 sì fi èyí múlẹ̀. Àwọn Oromo gba Oromia, àwọn Sòmálì gba ìpínlẹ̀ tiwọn. Ó yẹ ká sọ òtítọ́: ìdí wà fún un. Lábẹ́ Haile Selassie, èdè Amharic ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Oromo, ìwé Oromo kò sì gbọdọ̀ jáde. Lẹ́yìn ọdún 1991, ọmọ Oromo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ìyá rẹ̀ kàwé, ọmọ Sòmálì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ àròkọ yìí kò lè pe ìyẹn ní nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n ibo ni Oromia parí sí? Ní ọdún 2004, ìjọba ṣètò ìdìbò ní àdúgbò tó lé ní 400 lórí ààlà náà. Oníkálukú ní láti yan ìpínlẹ̀ Sòmálì tàbí Oromia, kò sì sí ẹ̀kẹta. Oromia ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹ rántí àwọn Garre, Gabra àti Jarso. Kí ni ẹni tó ń sọ Oromo, tó ń sin ràkúnmí, tó sì ń ka baba ńlá Sòmálì yóò dì? Bí àdúgbò bá bọ́ sí Oromia, kànga náà bọ́ síbẹ̀, owó ìjọba bọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì bọ́ síbẹ̀. Ìlú Moyale di ìlú tó ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì, ọ̀kan fún Sòmálì, èkejì fún Oromo, tí àwọn méjèèjì ń bára wọn du títì kan ṣoṣo.

Ìpínlẹ̀ Sòmálì ní ọlọ́pàá àkànṣe tí wọ́n ń pè ní Liyu, tó wà lábẹ́ àṣẹ Abdi Mohamoud Omar, ààrẹ ìpínlẹ̀ náà. Ìjà tó ń lọ lórí ààlà gbóná ní ọdún 2017. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n pa àwọn Sòmálì ní Awaday, ìlú tí wọ́n ti ń ta ewé khat. Wọ́n sì lé àwọn Oromo kúrò ní Jijiga àti ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Sòmálì. Ní ọdún 2018, àwọn tí ìjà náà lé kúrò nílé ti lé ní mílíọ̀nù kan. Sòmálì tí wọ́n bí sí Oromia bá ara rẹ̀ nínú àgọ́ Qoloji lẹ́bàá Jijiga. Oromo tó ti ṣòwò ní Jijiga láti ìgbà èwe bá ara rẹ̀ ní ìlú tí kò mọ̀ rí ní Oromia. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Abdi kúrò lórí àga, wọ́n sì mú un. Ìyẹn kò kọ́ ilé tó ti jóná.

Èrò mi

Ọ̀nà méjì ni àwọn olóṣèlú ti gbìyànjú láti fi yanjú ọ̀ràn yìí. Siad Barre ní kí a má pe orúkọ ìdílé mọ́. Orúkọ náà sá wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní kí a fi orúkọ pín gbogbo nǹkan. Níbi ìpàdé Arta ní Djibouti ní ọdún 2000, wọ́n pín ìjókòó ìgbìmọ̀ aṣòfin Sòmálíà ní ìlànà mẹ́rin àti ààbọ̀: Darod, Hawiye, Rahanweyn, àti Dir tí wọ́n ka Isaaq mọ́, gba ìpín kan kan, gbogbo àwọn kékeré yòókù sì pín ìdajì. Ìlànà náà jẹ́ kí àwọn ńlá jọ jókòó, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ọmọ ilẹ̀ kan jẹ́ ààbọ̀ ènìyàn. Ìpínlẹ̀ ẹ̀yà ti Etiópíà gbé èdè ga, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà láàárín.

Ọ̀nà ti àwọn olóṣèlú kò tíì gbìyànjú dáadáa ni èyí tó wà lẹ́nu kànga. Níbẹ̀, onílé kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, kò sì sí ẹni tó purọ́ pé kànga náà kò ní olówó. Síbẹ̀, òfin wà tí àlejò fi lè wọlé, kó mumi, kó san ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kó sì di ara ilé bó bá fẹ́. Mo gbà pé ìjọba tó bá fẹ́ kí Sòmálì àti Oromo sinmi ní láti mú omi, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kúrò lára orúkọ. Kí ọmọ Garre lè kàwé ní Moyale, kí ẹran bàbá rẹ̀ sì mumi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi í bóyá Sòmálì ni tàbí Oromo.

Bí ó bá wá wù ú láti dáhùn lọ́jọ́ kan, kó dáhùn bí ó ṣe wù ú. Bó bá sì fẹ́ jẹ́ méjèèjì, àwọn baba rẹ̀ ti jẹ́ méjèèjì rí.